Ẹyẹ ń ké lójú ọ̀run Manchester lóru, Mámá mi ò sì rí oorun sùn: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Salford. Ọjọ́rú, 7:41 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò dáadáa.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo bá ti sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ìdájí, mo máa ń gbọ́ ohùn kan lókè. Ohùn tín-ín-rín ni, ó máa ń dún “sííì”, á fà díẹ̀, á dákẹ́, òmíràn á tún dá a lóhùn níwájú. Bí mo bá gbójú sókè, òkùnkùn àti ìkùukùu nìkan ni mo máa ń rí.

Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, mi ò bá má kà á sí. Ṣùgbọ́n Mámá mi dé láti Ìsẹ́yìn nínú oṣù Kẹsàn-án, yàrá òkè ni wọ́n sì ń sùn. Àwọn náà gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹyẹ tó ń ké lóru jẹ́ lójú àwọn àgbà wa. Láti ọjọ́ náà, Mámá kì í sùn mọ́. Wọ́n á tan iná sílẹ̀, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa gbàdúrà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n ń bi mí léèrè ta ni àwọn ṣẹ̀ tó fi tẹ̀lé àwọn dé ìlú òyìnbó.

Òní ni ọ̀rọ̀ wá le. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni mo dé, mo bá ẹyẹ kan nílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé Mámá gan-an. Kò kú. Ó ràbàbà sílẹ̀, ó wú ìyẹ́ rẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ ń pa dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, àyà rẹ̀ funfun pẹ̀lú àmì dúdú wẹ́wẹ́. Ìlà funfun kan wà lókè ojú rẹ̀ bí ẹni tó fi ẹfun lé tìróò, abẹ́ apá rẹ̀ sì pupa bí ibi tí wọ́n fi osùn pa. Mámá ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ṣá ti fi agbọ̀n aṣọ dé e mọ́lẹ̀ kí ológbò ará ilé kejì má baà gbé e.

Ẹyẹ wo nìyí? Kí ló ń wá kiri lóru nínú òtútù nígbà tó yẹ kí àwọn ẹyẹ ti lọ sí Áfíríkà? Kí sì ni kí n ṣe sí èyí tó wà nílẹ̀?

Ọmọ Ìbàràpá, Oldham. 7:52 àárọ̀

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ gbọ́rọ̀ sí Mámá lẹ́nu, ẹ má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Igbó-Ọrà, bí ẹyẹ bá ké lórí òrùlé wa lóru, bàbá mi àgbà á jáde sí i, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó padà wọlé. Ẹ ka Sáàmù 91 ní ẹnu ọ̀nà àti ní fèrèsé. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, Bolton. 7:58 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́jú èyí tó wà nílẹ̀, òun ni kò lè dúró de àríyànjiyàn wa. Dígí ló forí sọ. Mo ti tọ́jú mẹ́rin irú rẹ̀ nínú ọgbà mi.

Ẹ wá páálí bàtà, ẹ fi ọ̀bẹ lu ihò díẹ̀ sí ìdérí rẹ̀, ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ sínú rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ká apá rẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ rọra gbé e sínú, ẹ dé e. Kí páálí náà wà níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ṣókùnkùn, tí ariwo tẹlifíṣọ̀n kò dé. Ẹ má fún un ní omi, ẹ má fún un ní oúnjẹ, ẹ má máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Òkùnkùn yẹn ni oògùn rẹ̀, ó ń dá àyà rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan sí méjì, ẹ gbé páálí jáde sí ibi tí ẹ ti rí i, ẹ ṣí i, kí ẹ sún sẹ́yìn. Bó bá ti gbádùn, yóò fò lọ. Bí apá rẹ̀ kan bá ń fà nílẹ̀, tàbí tí kò lè dúró lórí ẹsẹ̀, ẹ pe RSPCA, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko, tàbí àwọn tó ń gba ẹranko ìgbẹ́ là ní agbègbè yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.

Nǹkan kan tún wà tí gbogbo wa gbọ́dọ̀ mọ̀: bí ẹ bá rí pẹ́pẹ́yẹ tàbí àwọn ẹyẹ omi ńlá tó kú sí etí odò, ẹ má sún mọ́ ọn rárá, nítorí àrùn bird flu. Defra, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oko àti àyíká, ni kí ẹ fi tó létí.

Fẹ́mi, Leeds. 8:09 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ṣé kò wá yẹ kí wọ́n fún un ní búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú mílíìkì? Ohun tí a fi ń tọ́ ọmọ ẹyẹ nílé nìyẹn. Bó bá sì gbádùn, kí wọ́n ra àgò kékeré fún un kí Mámá máa fi dárayá. Bí Mámá bá ń bọ́ ọ lójoojúmọ́, ẹ̀rù rẹ̀ kò ní bà wọ́n mọ́.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, Bolton. 8:15 àárọ̀

Rárá o, Fẹ́mi. Inú ẹyẹ kò lè lo mílíìkì, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fi pa á. Bí ẹ bá sì kán omi sí ẹyẹ lẹ́nu nígbà tí ojú rẹ̀ ò tíì walẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni omi náà máa gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ àgò burú jùyẹn lọ. Òfin orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 1981, kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú ẹyẹ ìgbẹ́ sọ́dọ̀. Ohun tó gbà ni pé kí o tọ́jú èyí tó fara pa kí o sì tú u sílẹ̀ bó bá ti gbádùn. A ò fẹ́ kí wàhálà bá àǹtí wa.

Adéwálé, Chorlton. 8:36 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ òru, àǹtí. Redwing ni ẹyẹ yín. Ìlà ẹfun lókè ojú àti osùn abẹ́ apá ti fi í hàn. Ohùn tí ẹ ti ń gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun kan náà ni.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tẹ̀lé ẹyẹ kiri Manchester, n ó sì fẹ́ kí ẹ bá mi ka èyí fún Mámá pẹ̀lú ohùn yín.

Ẹyẹ yìí kò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni wá. Nọ́wè, Swídìn, Fínlándì ni wọ́n ti ń yé, àwọn mìíràn ń ti Áísílándì wá. Ekòló inú ilẹ̀ àti èso wẹ́wẹ́ orí igi ni oúnjẹ wọn. Bí oṣù Kẹwàá bá ti ń parí lọ, ilẹ̀ ọ̀hún á dì gbagidi, yìnyín á bo èso mọ́lẹ̀, ekòló á sì lọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ẹnu ẹyẹ kò lè dé. Ebi ló lé wọn kúrò nílé. Ibí ni wọ́n ń sá bọ̀. Lójú àwa tí a ti Ìsẹ́yìn wá, àríwá tó tutù ni Manchester. Lójú redwing, gúúsù tó móoru ni. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta, ọ̀pọ̀ pápá ìlú yìí tó ní igi eléso pupa ni ẹ ti lè bá wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òru? Lóru ni afẹ́fẹ́ máa ń balẹ̀. Àṣá ti sùn. Ara wọn kì í gbóná jù bí wọ́n ṣe ń ju apá. Wọ́n ń fi ìràwọ̀ mọ ọ̀nà, wọ́n sì fi ọ̀sán sílẹ̀ fún jíjẹun. Bí wọ́n ṣe wà nínú òkùnkùn yẹn, wọn kò rí ara wọn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ké. Èyí tó wà níwájú á ké, èyí tó wà lẹ́yìn á dáhùn, kí ẹnì kankan má baà ṣìnà. Bí àwọn alájàpá ayé ìgbà kan ṣe máa ń pe ara wọn nínú igbó kìjikìji nìyẹn. Ohun tí Mámá ń gbọ́ nìyẹn: èrò ọ̀nà ló ń pe èrò ọ̀nà.

Ẹ fi èyí kún un. Alẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn ni wọ́n máa ń pọ̀ jù, torí afẹ́fẹ́ náà ń tì wọ́n bọ̀ láti orí Òkun Àríwá. Bí ìkùukùu bá ṣú, wọ́n máa ń fò nílẹ̀ díẹ̀, ohùn wọn á sì sún mọ́ òrùlé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ọ púpọ̀ lálẹ́ kan tí ẹ kì í gbọ́ ohunkóhun lálẹ́ kejì.

Ìbéèrè kan: ẹ ní Mámá máa ń tan iná sílẹ̀ mọ́jú. Ṣé wọ́n máa ń fa kọ́tìnì?

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Salford. 8:50 àárọ̀

Wọn kì í fà á. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ojú àwọn wà níta.

Mo ti gbé e sínú páálí. Mámá kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n àwọn ló mú táwẹ́ẹ̀lì wá.

Adéwálé, Chorlton. 8:57 àárọ̀

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná yẹn ló fà á wá. Iná máa ń ru ẹyẹ arìnrìn-àjò òru lójú, pàápàá nígbà tí ìkùukùu bá bo ìràwọ̀. Wọ́n á yà síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á máa yí i ká, ó sì ń rẹ̀ wọ́n. Bí Mámá bá pa iná tàbí tí wọ́n fa kọ́tìnì dúdú, yóò dín kù.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, Bolton. 9:06 àárọ̀

Bùrọ̀dá Adéwálé, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò rò pé iná yàrá kan ṣoṣo ló fà á ní ìlú tí gbogbo òpópónà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni wọ́n rí i. Òjìji igi nínú dígí ló máa ń tan ẹyẹ jẹ ní irú àkókò yẹn. Àǹtí, ṣé igi kan wà ní ọ̀kánkán fèrèsé náà?

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Salford. 9:11 àárọ̀

Ó wà. Igi kan tó so èso pupa jìngbìnnì wà ní òdìkejì títì. Bí ẹ bá dúró nílẹ̀ tí ẹ wo fèrèsé Mámá, gbogbo igi náà lẹ máa rí nínú rẹ̀.

Adéwálé, Chorlton. 9:14 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì ló gbà á. Igi rowan nìyẹn, oúnjẹ redwing gan-an. Inú dígí ló ti rí oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa kọ́tìnì náà.

Ẹ lẹ àmì mọ́ dígí, kí àmì náà wà ní ẹ̀yìn ìta. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ sínú, òjìji igi á ṣì bò ó mọ́lẹ̀. Kí àlàfo àárín àmì kan sí èkejì má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Àwòrán àṣá kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lẹ̀ sí àárín fèrèsé kò wúlò, ẹyẹ á kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ forí sọ dígí.

Ọmọ Ìbàràpá, Oldham. 9:30 àárọ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀ pátá. Mi ò bá yín jà. Ìbéèrè mi ni pé òkun wà láàárín Nọ́wè àti ibí. Ẹyẹ tí kò tó àparò, tí kò lè sinmi lórí omi, ṣé ó lè fò ó já lóòótọ́?

Adéwálé, Chorlton. 9:48 àárọ̀

Ó ń fò ó já, àbúrò mi, alẹ́ kan ló sì fi ń ṣe é bí afẹ́fẹ́ bá gbè é. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n á jẹun títí ọ̀rá á fi kún abẹ́ awọ wọn. Ọ̀rá yẹn ni epo ọkọ̀ wọn. Àwọn kan máa ń já sínú òkun bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́ lójijì lójú ọ̀nà. Ìrìn ewu ni.

Redwing gan-an tóbi. Ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní goldcrest, òun ló kéré jù ní ilẹ̀ yìí pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, firecrest. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Ẹ mú owó idẹ 20 pẹ́ǹsì sí àtẹ́lẹwọ́ yín, bó ṣe rí nìyẹn. Òun náà ń rékọjá Òkun Àríwá bọ̀ níbí ní ìgbà ìwọ́wé. Ayé àtijọ́ kò gbà á gbọ́. Àwọn apẹja àti ọdẹ etíkun gbà pé ẹ̀yìn ẹyẹ tó tóbi jù ú lọ, ìyẹn woodcock, ló ń gùn wá.

Sàláwù, Rochdale. Ọjọ́rú, 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Táksí ni mò ń wà. Ohun tí ẹ sọ kò bá ohun tí ojú mi ń rí mu. Bí ẹyẹ ìgbà òtútù bá ń bọ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí ló dé tí mo fi ń rí ọ̀wọ́ ẹyẹ ńlá lókè òpópónà M62, tí wọ́n tò bí ọfà, tí wọ́n ń gbó “wínk-wínk”, tí wọ́n ń lọ tààrà sí ìlà-oòrùn? Nínú oṣù Kìíní tó kọjá, mo tún rí wọn, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kọrí sí nígbà yẹn, nínú òtútù tó burú jù. Èèyàn kan nínú ọkọ̀ mi ní wọ́n sọnù ni. Mi ò gbà pé ẹyẹ igba lè sọnù pa pọ̀.

Adéwálé, Chorlton. Ọjọ́rú, 2:05 ọ̀sán

Wọn kò sọnù, Alájì. Ojú yín ríran dáadáa, ohun tí ẹ rí ló tọ̀nà. Pink-footed goose nìyẹn, ó jọ pẹ́pẹ́yẹ ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ. Áísílándì àti Gríńlándì ni wọ́n ti ń wá. Láti oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti ń dé sí pápá Lancashire, lágbègbè Martin Mere, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọ̀kà tó dà sílẹ̀ àti ọ̀dùnkún tó kù sóko. Bí oṣù Kọkànlá bá dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbéra lọ sí Norfolk ní ìlà-oòrùn, lọ jẹ orí sugar beet, irúgbìn tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, tí àwọn àgbẹ̀ gé sílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Òkè Pennine àti Manchester wa yìí ló wà lójú ọ̀nà wọn. Lẹ́yìn ọdún tuntun, wọ́n á máa padà sí Lancashire díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó forí lé ilé. Bí alájàpá tó ń ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn ni, ibi tí oúnjẹ bá wà ni wọ́n ń lọ.

Nítorí náà, àríwá sí gúúsù nìkan kọ́ ni ìrìn ẹyẹ. Èmi náà ṣàṣìṣe nípa rẹ̀ fún ọdún méjì.

Sàláwù, Rochdale. 2:11 ọ̀sán

Sugar beet! Ẹ ṣeun. Mo ti rí ohun tí n ó sọ fún ẹni yẹn bí mo bá tún gbé e.

Bàbá Ṣeun, Stockport. Ọjọ́rú, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá Tèmítọ́pẹ́ béèrè bóyá kò yẹ kí àwọn ẹyẹ ti lọ sí Áfíríkà, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn dáadáa. Àwọn kan ti lọ. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ni olórí wọn. Kòkòrò tó ń fò lójú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ, kò sì sí kòkòrò níbí nígbà òtútù. Nínú oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ń tò sórí wáyà iná, kí ìdajì oṣù Kẹwàá tó pé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun kan tó yẹ kí a máa fi yangàn ní agbègbè wa. Níbí ní Cheadle, lẹ́bàá ilé mi, ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ibi tí alápàńdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ yìí ń lọ. Lọ́yà kan tó ń jẹ́ John Masefield fi òrùka sí ẹsẹ̀ ọ̀kan ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1911. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1912, wọ́n rí ẹyẹ náà pẹ̀lú òrùka rẹ̀ ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Adéwálé, Chorlton. 6:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ìtàn náà rí bẹ́ẹ̀, ọdún náà sì pé. Ṣùgbọ́n ẹ foríjì mí, Cheadle ti Staffordshire ni, kì í ṣe Cheadle ti ọ̀dọ̀ yín.

Bàbá Ṣeun, Stockport. 7:03 alẹ́

Háà. Ogún ọdún ni mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. O ṣé, n ó tún un sọ fún wọn.

Ọmọ Jos, Sheffield. Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Jos ni wọ́n bí mi sí. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ti Bàbá, kí n sì yà á sọ́tọ̀ díẹ̀.

Orúkọ kan ṣoṣo, alápàńdẹ̀dẹ̀, ni a ń pe ẹyẹ púpọ̀. Àwọn tó ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa tàbí sábẹ́ bíríìjì, tí a ń rí tọdún tọdún, onílé ni wọ́n. Èyí tó ń ti Yúróòpù wá, tó ní ọ̀fun pupa àti ìrù gígùn méjì bí àlùmọ́gàjí, kì í yé ẹyin kan nílẹ̀ wa. Ó wá jẹun, ó wá pààrọ̀ ìyẹ́, ó sì ń padà lọ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn ti ilẹ̀ yìí ló ń lọ títí dé Gúúsù Áfíríkà. Àwọn mìíràn láti Yúróòpù ń dúró lọ́dọ̀ wa. Ní Boje, ní Boki, Ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n ń sùn nínú koríko gíga orí òkè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn ará abúlé máa ń fi oje tó ń lẹ̀ pa imọ̀ ọ̀pẹ láti fi mú wọn jẹ, kí àwọn tó ń dáàbò bo ẹyẹ tó dé ibẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní Laminga lẹ́bàá Jos, ilé ìwádìí ẹyẹ kan wà, APLORI, ó ti lé ní ogún ọdún. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo máa ń lọ síbẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan, whinchat, máa ń dé lẹ́yìn òjò láti Yúróòpù. Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ oòrùn mọ́ ẹ̀yìn àwọn kan, ẹ̀rọ náà sì fi hàn pé ìlà-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ń lọ yé sí. Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé bí ọdún bá yí, ẹyẹ kan náà á padà sí oko kan náà, nígbà mìíràn sí ìtòsí igi kan náà. Mo fojú ara mi rí èyí tó ní òrùka aláwọ̀ tó padà wá sórí èèkàn tí mo ti rí i lọ́dún tó ṣáájú. Mo dúró níbẹ̀, omi bọ́ lójú mi.

Nítorí náà, Mámá Ìsẹ́yìn, bí ẹ ṣe ń gba àlejò láti Nọ́wè níbí, ó ṣeé ṣe kí àlejò láti Yúróòpù wà lórí wáyà ní ọ̀nà oko yín báyìí.

Àbẹ̀kẹ́, Ellesmere Port. Ọjọ́bọ̀, 10:15 àárọ̀

Ṣé mo lè sọ nǹkan kan kí ẹ má pè mí ní òpùrọ́? Mo rí lékeléke. Lékeléke tiwa, láàárín màlúù, ní Burton Mere Wetlands lẹ́bàá odò Dee, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo pe ọkọ mi, ó ní ojú ń ro mí, àárò ilé ló ń dà mí láàmú.

Sàláwù, Rochdale. 10:31 àárọ̀

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, little egret nìyẹn. Funfun ni òun náà. Ó wà káàkiri etí odò wa níbí.

Àbẹ̀kẹ́, Ellesmere Port. 10:38 àárọ̀

Ẹnu rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, ọrùn rẹ̀ kúrú, ó ń rìn tẹ̀lé ẹsẹ̀ màlúù. Ṣé little egret ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Adéwálé, Chorlton. 12:02 ọ̀sán

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu little egret dúdú, ẹsẹ̀ dúdú tó parí sí ọmọ ìka aláwọ̀ ìyeyè, inú omi ló sì fẹ́ràn. Lékeléke lẹ rí. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti kọ́kọ́ yé ẹyin ní England, ní Somerset. Ní 2017 wọ́n yé ní Burton Mere níbẹ̀ gan-an. Wọ́n ń pọ̀ sí i bí ìgbà òtútù ṣe ń rọ̀. Ẹ fi han ọkọ yín.

Fẹ́mi, Leeds. 12:20 ọ̀sán

Mo gba ẹ̀kọ́ lórí mílíìkì. Ṣé redwing náà ni èyí tí mo rí ní ìgbà òtútù 2023 sí 2024, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan? Ó ní ògbe lórí bíi ti àgbébọ̀, wọ́n tó ogójì lórí igi eléso, àwọn òyìnbó gbé kámẹ́rà tì wọ́n.

Adéwálé, Chorlton. 12:44 ọ̀sán

Waxwing nìyẹn, Fẹ́mi, o ṣoríire. Kì í wá lọ́pọ̀ lọ́dọọdún. Ọdún tí èso igi bá ṣọ̀wọ́n ní Skandinéfíà àti Rọ́ṣíà ni wọ́n ń ya wá, ọdún náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ibi ìgbọ́kọ̀sí torí pé igi rowan ni wọ́n sábà máa ń gbìn síbẹ̀.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Salford. Ọjọ́bọ̀, 3:30 ọ̀sán

Ẹ máa bínú, oorun ló gbé mi lọ.

Ẹyẹ náà ti lọ. Ní nǹkan bí agogo 10 àná, a gbé páálí jáde. Mo ṣí i, kò mira. Mo ti ń bẹ̀rù. Ó wá yí orí, ó wo Mámá, ó sì fò tààrà sí igi òdìkejì títì. Ìgbà tí a gbójú wo igi náà dáadáa la rí i pé wọ́n wà níbẹ̀ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ń já èso mì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀, a ò kàn wo ibẹ̀ rí ni.

Mo ka ọ̀rọ̀ Bùrọ̀dá Adéwálé fún Mámá. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi kà á tán. Wọ́n ní kí n tún ibi tí wọ́n ti ń pe ara wọn lójú ọ̀nà kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, “Àwọn náà ń wá oúnjẹ ọmọ wọn.” Nígbà tí mo dé orí lékeléke, wọ́n na ìka wọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síta bí a ṣe máa ń ṣe ní kékeré nígbà tí lékeléke bá ń kọjá, tí a fẹ́ kó fún wa ní èékánná funfun. Mi ò rí ẹ̀rín wọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

Wọ́n fa kọ́tìnì lálẹ́ àná. Mi ò lè sọ pé wọ́n sùn mọ́jú, wọ́n jí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n wọ́n padà dùbúlẹ̀.

Ní àárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n béèrè ohun tí àwọn lè fún wọn jẹ.

Ọmọ Ìbàràpá, Oldham. 3:41 ọ̀sán

Ọpẹ́ ni fún Olúwa. Mo gbà pé redwing ni. Kí Mámá ṣáà má dá àdúrà dúró.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, Bolton. 3:55 ọ̀sán

Áàpù, ìyẹn èso ápúlù, ni kí ẹ fún wọn. Ẹ là á sí méjì, ẹ gbé e sílẹ̀ lórí koríko, kí inú rẹ̀ kọjú sókè. Èyí tó ti ń rà díẹ̀ náà dára. Kí ó jìnnà sí fèrèsé. Ẹ má fi búrẹ́dì sí i. Bí ẹ bá gbé àwo omi síta, ẹ máa fọ̀ ọ́ dáadáa ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, torí àwo ìdọ̀tí ni ẹyẹ ti ń kó àrùn ọ̀fun ran ara wọn.

Adéwálé, Chorlton. Ọjọ́bọ̀, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Bí ara Mámá bá gbà á, mo ń lọ sí Chorlton Ees ní Sátidé. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, ìjókòó sì wà. Redwing máa ń pọ̀ lórí igi ẹlẹ́gùn-ún ibẹ̀ ní òwúrọ̀, fieldfare náà á wà láàárín wọn: òun tóbi jù, orí rẹ̀ eérú, ó sì ń ké “ṣák-ṣák”. Mo ní awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn méjì.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Salford. 5:22 ìrọ̀lẹ́

Mámá ní aago mélòó?

Adéwálé, Chorlton. 5:24 ìrọ̀lẹ́

Agogo 8 àárọ̀. Ẹ̀rọ̀fọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n wọ bàtà òjò, kí wọ́n sì wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn. Mo máa gbé tíì wá.